Lẹ́tà sí ìyá aládìrẹ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin màmá mi,

Àrẹ̀dú o.

Aláró ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ rẹ aṣọ náà láró, àbí ẹ yà á tán lẹ gbé e fún aláró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti kí yín ná, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá, bí mo bá kọ́kọ́ là á sílẹ̀, ẹ lè má dá mi lóhùn mọ́.

Mo ti ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ yín.

Ìbàdàn-dùn ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n máa ń ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn àti ṣíbí sí. Ìyá ìyá mi ló rà á ní ọjà Òjé lọ́dún 1964, ó kó o mọ́ ẹrù ìyàwó ìyá mi. Nígbà tí wọ́n sọ mí lórúkọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni ìyá mi ró. Fọ́tò ọjọ́ náà wà nílé dòní. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, èèyàn ò lè dá aró mọ̀ yàtọ̀ sí èédú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òpó Mápó hàn ketekete ní ìbàdí ìyá mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ró o bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí i, ló bá di aṣọ àpótí. Ẹ kúkú mọ aṣọ àpótí: aṣọ tó dára débi pé kò sí òde tó tún tó gbé e lọ mọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú pọ́tímáńtò yẹn. Agbádá ẹtù bàbá mi wà níbẹ̀, èyí tó ti gbó lọ́rùn. Léèsì Austria wà níbẹ̀, ti ìgbà tí owó epo dé tí wọ́n ń ra léèsì bí ẹni ń ra gààrí. Àǹkárá aṣọ ẹbí pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ti òkú, ti ìyàwó, ti ilé ṣíṣí, mi ò sì mọ ìdajì àwọn tó ni òde. Nígbà tí ìyá mi papò dà lọ́dún 2013, èmi àkọ́bí ni wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ọdún 11 gbáko ni mo fi ṣe ohun tí òun náà ń ṣe. Bí ọyẹ́ bá ti dé, màá ṣí i, màá fọwọ́ pa wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi káńfọ̀ tuntun rọ́pò èyí tó ti yọ́, màá pa á dé.

Ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni mo gbé aṣọ yín sókè tí ó ya.

Mi ò fà á o. Mo kàn gbé e ni. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ló ti là, gbọọrọ, láti etí dé etí, kò tilẹ̀ dún. Mo tú u sílẹ̀ lórí ẹní, mo sì rí i pé gbogbo ojú ìká ló ti ń là bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Ìyá mi ń pààrọ̀ káńfọ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ ojú ìká rí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ká a fún un lòun náà ń ká a, bí òun ṣe ń ká a lèmi náà ń ká a. Kòkòrò ò jẹ ẹ́. Òjò ò pa á. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ la fi kíká pa á.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dáa, ọjọ́ náà lèmi náà dàgbà.

Mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́ta kí n tó lọ ṣe tíṣà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, nítorí náà àyè wà. Mo pinnu pé màá kó ohun tó ṣì lágbára nínú aṣọ yín, màá fi ti bàbá mi lù ú, màá rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora orí ibùsùn, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt. Àkọ́kọ́, mo gbé e lọ bá télọ̀ kan ládùúgbò wa, torí àyà mi ń já láti dá gígé rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ni ín wá bá mi lójú oorun.” Mo ní èmi ló ni ín. Ó ní òun mọ̀, pé kì í ṣe èmi lòun ń sọ.

Àbúrò ìyá mi ní tirẹ̀ wò mí títí nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní, “Ẹ̀kú eégún lo fẹ́ rán yẹn?” Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gán aṣọ ará ilé mọ́ ara wọn nílẹ̀ yìí, lé orí ara wọn lọ́dọọdún, kí ẹni tó ti lọ lè rí aṣọ wọ̀ padà wá? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò gbé eégún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àǹtí mi kò bí mi nínú.

Kí n tó gé e, mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, mi ò fi ọṣẹ sí i, mo sá a síbòji. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo tó wo aṣọ yín gan-an. Ọgọ́ta ọdún ló ti wà nílé wa, kò sẹ́ni tó wò ó rí; à kàn ń sọ pé ó rẹwà ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹ̀yìn rẹ̀. Aró nìkan ló wà níbẹ̀, ó dúdú rẹ́súrẹ́sú, ìlà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí pé ojú kan ṣoṣo lẹ fi ẹ̀kọ sí. Mo wá jókòó, mo ń ro iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Láfún àti álọ́ọ̀mù tí ẹ pò tí ẹ sè títí ó fi ki di ẹ̀kọ. Ìyẹ́ adìẹ tí ẹ ń tì bọ̀ ọ́. Ìlà kan, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí tí aṣọ fi kún, tí ẹ tún dúró kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò aró: ewé ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì fi omi eérú rẹ títí ó fi kan. Wọ́n á ri aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ bí ewé tútù, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, yóò di aró, wọ́n á tún rì í. Nígbà tó bá dú tán, ẹ óò wá ha ẹ̀kọ kúrò. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn, màmá. Gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín yà lẹ ha dànù. Funfun tó kù lórí aṣọ ni ibi tí ọwọ́ yín dé tí aró ò fi dé.

Mo ń wo funfun yẹn ni mo fi rí i pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé abala méjì ni wọ́n rán pọ̀ láàárín kí ó tó di ìró kan. Abala ọ̀tún, ẹ̀yin lẹ yà á, ó dá mi lójú. Àwọn òpó Mápó dúró bí òpó tòótọ́, bí èyí tí wọ́n kọ́ sórí òkè tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1929. Ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, àlàfo wọn dọ́gba, ṣíbí tó wà láàárín wọn sì dà bí pé wọ́n fi irin ṣe é. Ẹ ò sáré, ẹ ò sì falẹ̀. Ṣùgbọ́n abala òsì! Òpó ń tẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu. Ìlà ń bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọọrọ, tó bá di ìdajì á tín-ín-rín, torí pé ìyẹ́ ti gbẹ kó tó rántí bọ̀ ọ́ sẹ́kọ. Níbì kan, ẹ̀kọ kán tó o sílẹ̀, ó fi funfun kan sílẹ̀ bí èkánná ọmọdé. Nínú ojú kan nísàlẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ fi ìlà pín aṣọ sí, ṣíbí méjì dúró dáadáa, ẹ̀kẹta dorí kodò.

Ọmọdé ló yà á. Tíṣà ni mí fún ọdún tó ju 30 lọ, mo mọ ọwọ́ ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà. Ọmọ yín ni tàbí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ìyẹn ò yé mi. Ohun tó yé mi ni pé ẹ rí ṣíbí yẹn. Kò sí bí ẹ ò ṣe ní rí i. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ láró, ẹ rán abala rẹ̀ mọ́ tiyín, ẹ gbé e lọ sọ́jà, ìyá ìyá mi sì san owó rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi òmíràn dípò àwọn ojú tó ti bàjẹ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìtokù l'Abẹ́òkúta. Ẹ ò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Àdìrẹ kún ilẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ti àbẹ́là àti aró inú ike, ó sì rẹwà, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fẹ́ ta èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè fún mi, ó ń pè é ní ẹlẹ́kọ. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí bébà. Mo wo gbogbo àwọn òpó rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó tẹ̀. Mo padà sílé.

Ojú 17 ni mo rí yọ nínú aṣọ yín, mẹ́jọ láti abala tiyín, mẹ́sàn-án láti ti ọmọ yẹn. Gígé àkọ́kọ́ wọ́, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ óò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, mo jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Èyí tó kù, orí ìlà tí ẹ̀yin fúnra yín fà láti fi pín ojú kan sí èkejì ni mo gbà.

Ẹtù bàbá mi ló yá jù. Bí ẹ bá gé aṣọ òkè níbùú, ó di kí òwú rẹ̀ máa tú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́bẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ̀ ni wọ́n hun ún, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ so ó pọ̀. Nítorí náà mi ò gé e. Bíléèdì ni mo fi tú ojú ìrán rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, agbádá ńlá yẹn sì padà di ohun tó jẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Mo fi wọ́n ṣe ààlà láàárín àwọn ojú tiyín. Ní ìparí wọn tí mi ò lè yẹra fún gígé, mo fi máṣíìnì rán etí rẹ̀ ní wọ́kọwọ̀kọ, abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kán. Àǹkárá ni mo fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Léèsì ò bá mi ṣe rárá. Ihò inú rẹ̀ ń mú abẹ́rẹ́ ṣìnà. Mo kó o fún àbúrò mi obìnrin, ó dúpẹ́, ó sì ti kó o sápòótí tirẹ̀.

Kúbùsù fẹ́lẹ́ kan ni mo fi sí àárín. Ọwọ́ ni mo fi gán gbogbo rẹ̀ pọ̀, oṣù márùn-ún, mo ń tọ ẹ̀gbẹ́ ìlà yín, nínú aró, kí òwú mi má bàa gorí funfun. Aró yín ṣì ń jáde, màmá. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún! Ìka mi mẹ́ta dú débi pé lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹni tó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí bóyá mo ti dìbò ni.

Ẹ̀yin ti lọ sinmi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nígbà náà, kò tíì ju àádọ́rin ọdún àti díẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé à ń wọ mọ́tò kan náà. Ó lè jẹ́ pé mo ti kí i rí, mo kúnlẹ̀ fún un, torí ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹ̀gbọ́n, bí lẹ́tà yìí bá kàn yín lára, ojú 9 tiyín ni mo fi sáàárín, ti màmá yí wọn ká. Èyí tó ní ṣíbí mẹ́ta wà lápá orí, níbi tí ìrọ̀rí ń gbé. Àǹtí mi ní kí n yí i padà kí ó dúró dáadáa. Bí mo bá yí i, méjì ló máa dorí kodò. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.