Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi yọ STPP kúrò nínú ọṣẹ olómi wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọṣẹ olómi tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa lóṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó mọ́ gaara ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ṣàn díẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn lè rò pé ńṣe la bu omi là á. A ò bu omi là á. Sulphonic acid àti Texapon inú rẹ̀, èròjà méjì tó ń yọ ìdọ̀tí tó sì ń mú ọṣẹ hó, kò dín. Nǹkan kan ṣoṣo la yọ: STPP, lẹ́búlẹ́bú funfun tí gbogbo ẹni tó ń ṣe ọṣẹ olómi l'Ékòó mọ̀, tí a máa ń fi ìdámẹ́rin kílò rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kọ̀ọ̀kan. Owó kẹ́ẹ̀gì kò yí padà. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí a fi yọ ọ́, kí ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe lo ti tuntun kí ẹ má bàa fi ṣòfò.

Iṣẹ́ STPP nínú ọṣẹ ni pé ó ń gbá kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù inú omi mú kí wọ́n má bàa dí ọṣẹ lọ́wọ́. Omi tí èròjà méjèèjì yìí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni omi líle. STPP tún ń gbé ìdọ̀tí dúró nínú omi kó má bàa padà lẹ̀ mọ́ aṣọ. Iṣẹ́ gidi ni, a ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdámẹ́rin STPP fúnra rẹ̀ ló jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun kan náà tó wà nínú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dà sí ìdí àgbàdo. Aṣọ kì í mu ún, oòrùn kì í fà á gbẹ. Bó ṣe wọnú omi ìfọṣọ ló ṣe ń jáde lọ sínú gọ́tà.

Ẹ tọ ipa gọ́tà iwájú ilé yín lọ. Ní Ṣómólú àti Bàríga, kì í pẹ́ dé kánààlì, kánààlì náà ò sì níbi tó ń lọ ju ọ̀sà lọ. Bákan náà ló rí ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Mákòókò. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jìn. Ibi púpọ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ẹnu tó sì fi bá òkun pàdé ní tààrà l'Ékòó kò ju ẹyọ kan lọ, ibi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọ Àpápá. Ohun tí a bá dà sí i kì í tètè jáde.

Ewédò ló ń rí i jẹ. Ewédò ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta etí omi, tàbí nínú táńkì tí oòrùn ń ta sí. Àwọn kan nínú wọn kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi kí ẹ ṣàdédé rí i pé omi ti dà bí ọbẹ̀ ewédú. Oòrùn ò wọ́n wọn l'Ékòó, omi ò wọ́n wọn. Ohun tó ń dá wọn dúró ni àìtó náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Gíráàmù 1 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè gbé ewédò tó tó nǹkan bíi gíráàmù 100 ní gbígbẹ dìde. Ìdámẹ́rin kílò STPP ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíi gíráàmù 63 nínú. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ewédò, ó lé ní kílò 6 ní gbígbẹ, ó sì lé ní kílò 30 ní tútù bó ṣe ń léfòó. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo nìyẹn.

Ìgbà tí ewédò bá kú ni ìjàǹgbọ̀n gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ ń lo ọ́síjìn inú omi. Kí wọ́n tó jẹ ewédò tí kẹ́ẹ̀gì kan yẹn gbé dìde tán, wọ́n á lo ọ́síjìn tó tó kílò 9. Omi wa, pẹ̀lú ooru Èkó, kì í gba ọ́síjìn ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 lọ nínú lítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: gbogbo ọ́síjìn inú omi tó kún ọkọ̀ tánkà tó lé ní 100 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba lítà 10,000. Afẹ́fẹ́ àti ìgbì ń dá ọ́síjìn padà sínú omi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n níbi tí omi bá dúró sójú kan, bí àwọn kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí, wọn kì í lè bá a mu.

Lọ́sàn-án, ewédò ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, òun náà ń fà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ni ọ́síjìn máa ń kéré jù, ìgbà yẹn lẹ ó sì rí ẹpìyà tó ń yọ ẹnu sókè omi. Àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi kó sì yè é. Ọ̀pọ̀ ẹja yòókù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: bẹ́ẹ̀ la ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ewéko olódòdó àlùkò tó ń bo ọ̀sà wa mọ́lẹ̀ lónìí, water hyacinth, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọ̀nà omi Àgbádárìgì ló sì gbà wọ Nàìjíríà ní 1984. Oúnjẹ ewédò ni oúnjẹ tirẹ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀, tí omi odò Ògùn lé omi iyọ̀ sẹ́yìn, á gbilẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú omi òkun wọlé, á kú, á rì, á sì jẹrà nísàlẹ̀. Àwọn apẹja tó ń ná ẹ̀bútẹ́ Bàríga mọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀rọ ọkọ̀ àti àwọ̀n.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí wò kedere. Ní 1973, ní Kánádà, àwọn onímọ̀ fi ọ̀rá ìdábùú pín adágún kékeré kan, Lake 226, sí méjì. Wọ́n da náítírójìn àti carbon sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún. Apá yẹn ló di àwọ̀ ewé. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1963 sí 1968, wọ́n darí omi ìdọ̀tí ìlú kúrò nínú Lake Washington, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà omi ọ̀hún mọ́ padà. Láti 2013 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù gidigidi nínú ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń tà fún ilé. Nínú omi iyọ̀, náítírójìn ló sábà máa ń wọ́n ewédò jù, òtítọ́ ni. Àmọ́ ìgbà òjò, omi aláìníyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọ̀sà wa.

A ò ní parọ́ fún yín pé ọṣẹ nìkan ló ń ba ọ̀sà jẹ́. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹnì kan ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíi gíráàmù 1 sí 2 lójúmọ́. A jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì wa àtijọ́ kan dọ́gba pẹ̀lú ti nǹkan bí 40 ènìyàn lóòjọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí tó bá gba inú sókàwéè, erùpẹ̀ ń di púpọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ mú. Omi ìfọṣọ tó bọ́ sí gọ́tà kì í rí erùpẹ̀ kankan títí yóò fi dé ọ̀sà.

Ohun tó mú kó rọrùn láti yọ STPP ni pé omi bọ́hóòlù ọ̀pọ̀ ibi ní mainland rọ̀. Inú iyanrìn ló ti ń jáde, kò kọjá nínú òkúta ẹfun. Irin ló sábà máa ń yọ wá lẹ́nu. Omi líle wà ní etí ọ̀sà àti l'Ékòó Erékùṣù, níbi tí omi iyọ̀ ti ń yọ́ wọnú kànga. Kí ẹ lè mọ tiyín, ẹ bu omi dé ìdajì ìgò oní-75cl, ẹ gé ọṣẹ dúdú tó tó ẹ̀wà kan sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Bó bá hó, tí híhó náà ṣì wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, omi yín rọ̀. Bó bá dì bí wàrà tí kò hó, omi líle ni. Ẹ má fi ọṣẹ wa dán an wò, torí òun á hó nínú omi líle náà, á sì tàn yín jẹ.

Bí omi yín bá rọ̀, ṣíbí ìjẹun 2 tó fún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10. Bó bá le, ẹ fi 3 sí i, kí ẹ sì rẹ aṣọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dípò kí ẹ máa da ọṣẹ kún ọṣẹ. Ẹ̀yin alágbàfọ̀ tí omi yín ní irin, ẹ bu omi sílẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì kí irin lè rọlẹ̀, kí ẹ sì lo ti òkè. Ẹ má da bleach sí omi onírin tí aṣọ funfun wà nínú rẹ̀: bleach ló ń sọ irin tó ti yọ́ di ìpẹtà, ara aṣọ ló sì ń lẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe ọṣẹ tiyín, nítorí náà a ò ní fi ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ pamọ́. Trisodium citrate ni. Agbára tó fi ń di kálísíọ̀mù mú kò tó ti STPP, ṣùgbọ́n kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kò ní náítírójìn, ó sì ń jẹrà kíákíá. Fún lítà 25, ẹ bu omi lítà 1 àbọ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Ẹ da caustic soda gíráàmù 115 sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé caustic lórí láéláé, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Bó bá tutù, ẹ máa fi citric acid gíráàmù 200 sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, torí yóò tún gbóná. Kí ìwé pH fi nǹkan bí 8 hàn kí ẹ tó dà á sínú ọṣẹ. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò dára fún un: caustic á jẹ ẹ́, á sì tú afẹ́fẹ́ tó ń gbaná jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn da citric acid lásán sínú ọṣẹ tó ti ní soda ash. Yóò ru bo bọ́kẹ́ẹ̀tì, soda ash á ti bá a lọ, ọṣẹ á sì ṣàn. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ lo EDTA, èròjà mìíràn tó ń di kálísíọ̀mù mú. A ò lò ó torí kì í tètè jẹrà nínú omi.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọṣẹ ki, ẹ yọ́ iyọ̀ sínú omi, ẹ máa ta á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Bó bá ti ki, ẹ dúró. Iyọ̀ tó bá ti pọ̀ jù á tún sọ ọ́ di omi, kò sì ṣeé yọ padà.

Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ ha abọ́ sínú ike ìdọ̀tí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tó ṣẹ́kù nínú abọ́ ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ju ọṣẹ tí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ. Kí gbogbo wa gbìyànjú láti máa da omi ìfọṣọ sí balùwẹ̀ tó ní sókàwéè, tàbí sórí ilẹ̀ tó jìnnà sí kànga, kì í ṣe sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹni tó bá ṣì ní ọṣẹ àtijọ́ lọ́wọ́, kó má dà á nù. Kó lò ó tán, kó sì da omi rẹ̀ síbi tí a wí yẹn. Bí kẹ́ẹ̀gì bá sì ti ṣófo, ẹ má ṣan án sí etí gọ́tà. Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀. A ó ṣan án níbí, omi tí a bá fi ṣan án la ó fi po ti ẹni tó kàn.

Àwa tí a ń ṣe ọṣẹ yín,
Ṣómólú.