Ẹ Má Sọ Bárakú Di Àyànmọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní ilẹ̀ Okun, ní Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, mo kí yín bí a ṣe ń kí ara wa: okun o. Okun fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, okun fún ẹ̀yin tí ẹ ń jà fitafita ní Lọ́kọ́jà, Àbújá àti Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ gbé e mì. Bí mo bá ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ wa, kì í pẹ́ tí n óò fi gbọ́ ọ: "Bàbá, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn." Ẹni tí kì í lè jí ní kùtùkùtù, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹni tí owó kì í gbé lọ́wọ́ rẹ̀, orí ló fà á. Ẹni tí ìṣirò dà á láàmú ní JAMB lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti gbà pé ọpọlọ òun kò lè gba ìṣirò mọ́ títí ayé. Èmi náà gba orí gbọ́. Àmọ́ àwọn baba wa tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ orí, àwọn náà ló ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ta ni ó ti inú ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú àìlè-fi-fóònù-sílẹ̀ títí di aago kan òru? Ohun tí a ṣe lónìí, tí a tún ṣe lọ́la, ló di bárakú. Ohun tí a fi àṣetúnṣe kọ́, a lè fi àṣetúnṣe kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwa àgbà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí díẹ̀ níbi. A fẹ́ràn ìwé púpọ̀ ní ilẹ̀ Okun, ó sì yẹ kí a fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń yin ọmọ: "Olórí pípé! Ọpọlọ bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé!" Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí wọn lórí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbéèrè yanjú, wọ́n yin àwọn kan pé orí wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan èyí tí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú àwọn olórí pípé sá fún iṣẹ́ tó le. Nígbà tí ìbéèrè líle já wọn kulẹ̀, ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n yìn nítorí akitiyan tẹra mọ́ tiwọn.

Mo mọ ọmọ tí ìwádìí yìí ń sọ. Òun ló ń gba ipò kìíní láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà nílé-ìwé abúlé. Ó dé yunifásítì, ó bá ọgọ́rùn-ún irú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó gba F kan, ó sì gbà lọ́jọ́ yẹn pé irọ́ ni gbogbo ìyìn àtijọ́. Kò lọ bi olùkọ́ léèrè, nítorí olórí pípé kì í béèrè. Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ìwọ ni, lọ béèrè. F yẹn ń sọ ohun tí o kò tíì mọ̀, kò sọ irú ẹni tí o jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Àwọn ọmọ wa tó ní oko káṣú mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kejì dé ìkarùn-ún ni owó ń wọlé. Nígbà tí òjò bá rọ̀ gidi, ẹlòmíràn á ti máa yá owó ajílẹ̀. Kì í ṣe pé owó náà kéré nìkan. Ó dé lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sì bá ìpinnu kankan nílẹ̀. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí tó fi hàn pé ẹni tó bá ti sọ ìgbà, ibi àti ọ̀nà tí òun yóò gbà ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun fẹ́ ṣe é lọ. Nítorí náà, kí àpò káṣú tó gun òṣùwọ̀n ni kí o ti pinnu: bí mo bá ti gba owó yìí, kí n tó délé, n óò yà sọ́dọ̀ alájọ.

Mi ò ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi bo àìdára mọ́lẹ̀ o. Iṣẹ́ kò sí, oko tó jìnnà sì ti di ibi ẹ̀rù nítorí àwọn ajínigbé. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló ń pa gbogbo yín, kò mọ ohun tí ẹ ń rí. Ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ yín ni mò ń bá yín sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ mọ́kànlélógún péré ni àṣà tuntun fi ń mọ́ni lára. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ àṣà tuntun, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó máa ń gbà tó ọjọ́ 66 kí nǹkan tó di ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ti ẹlòmíràn yá dé ọjọ́ 18, ti ẹlòmíràn lè falẹ̀ dé 254. Ẹni tó fo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ jẹ́, bó bá ṣáà padà sẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń sin ẹni iyì, ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń hun lórí òfì òòró. Bí àlejò bá dá wọn dúró, wọn kì í tú aṣọ ká.

Ẹ mú àṣà tuntun ẹyọ kan péré. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́: bí o bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ka ojú ìwé méjì; bí o bá ti jẹun alẹ́ tán, kọ owó tó jáde lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, dín ìjókòó rẹ pẹ̀lú wọn kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ríṣẹ́ ní Àbújá àti Èkó, ẹ pe àbúrò kan nílé ní Sátidé yìí. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń kọ́, àti ibi tó ti le fún un. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún pè é.

Èmi ni bàbá yín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ní Kàbbà.