Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ìbàdàn Nítorí Igi Páìnì Bàbá Wa

Atlanta, Georgia

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí yín, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí Màmá.

Ohun tí ẹ sọ lórí fóònù, pé agégi kan ti wá díye lé igi páìnì tí Bàbá gbìn sí iwájú ilé wa ní Jẹ́ríkò, ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí ó fi ayùn kàn án.

Irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí, àgbà kan sì wà lẹ́yìn ilé mi tí èmi àti onímọ̀ igi kan jọ ń dù lọ́wọ́ ikú. Kòkòrò tí ó ń pa páìnì jù lọ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbí kò gùn ju mílímítà 4 lọ. Yóò lu èèpo wọlé, yóò máa gbẹ́ ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sáàárín èèpo àti igi, yóò sì fi òórùn pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ borí igi náà. Wọ́n tún máa ń gbé àrùn kan tí ó bá olú tan wọlé, èyí tí í sọ inú igi di aláwọ̀ búlúù, tí kì í sì í jẹ́ kí omi gòkè dé ewé mọ́. Oje ni ohun ìjà igi. Igi tí omi tó lára rẹ̀ yóò da oje bo kòkòrò náà, yóò sì tì í jáde, oje yẹn á sì gbẹ sára èèpo bí gúgúrú. Ṣùgbọ́n igi tí ọ̀dá mú, tí àrá sán, tàbí tí àwọn tí ń kọ́lé gé gbòǹgbò rẹ̀, kò ní oje tí yóò fi jà. Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ ń jẹ́ kí omi máa sun díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mu ún jinlẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí èèpo kì í wúlò àfi kí kòkòrò tó wọlé. Bí gbogbo ewé orí rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kòkòrò ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún igi Bàbá. Ikán ni mo ń bẹ̀rù, àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń jó ní ìdí rẹ̀, àti sìmẹ́ǹtì tí a fi tẹ́ àgbàlá títí dé ara igi, tí òjò kò fi rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ sìmẹ́ǹtì náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má gé gbòǹgbò.

Ihò tí ẹ̀ka tí ìjì ya fi sílẹ̀, ẹ má ṣe dí i, ẹ má sì kùn ún ní ọ̀dà. Àwọn onímọ̀ máa ń fi sìmẹ́ǹtì dí irú rẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dẹ́kun rẹ̀, nítorí igi fúnra rẹ̀ ni ó ń mọ odi yí ibi tó jẹrà ká. Igi tó ní ihò lè dúró pẹ́, bí ara tó kù bá nípọn tó. Ẹ fi òòlù onígi kàn án yíká. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ń dún gbìn-ìn, inú rẹ̀ ti ṣófo.

Àwọn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dájú kò jìnnà sí yín. Jẹ́ríkò níbẹ̀ ni FRIN wà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí igbó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954. Wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí wọ́n bá rí i pé ilẹ̀ ti ń là ní ìdí rẹ̀, tí ó sì ń tẹ̀ sí ọ̀nà yàrá Màmá, n kò ní jiyàn, kí wọ́n gé e kí òjò tó le. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ta pákó rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ó dájọ́ rẹ̀.

Èmi ni n ó fi owó àyẹ̀wò náà ránṣẹ́. Ẹ ní kí Táyé ya fọ́tò ìdí igi náà àti ihò yẹn, kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí agégi náà tó padà wá.

Èmi ni àbúrò yín,
Adéwálé