Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń sáré?

Kúbwà, Àbújá.
Òwúrọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́ nítorí pé ẹ̀rín ò jẹ́ kí n gbọ́ ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Pé ọ̀gá yín níbi tí ẹ ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds ní kí o “run it past me”, ìwọ sì gbé ìwé mọ́ àyà, o gba iwájú rẹ̀ kọjá kíákíá! Háà. Ó kàn ní kí o jẹ́ kí òun fojú kàn án kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni.

Ṣùgbọ́n o wá ní bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ò péye. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni kò gbélé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, Peter Gilliver, fi nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án jókòó ti “run” nìkan. Ìtumọ̀ 645 ló kà fún un, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan o. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní 1989, “set” ló ṣáájú gbogbo wọn, 430 péré ni tirẹ̀. Bí àwọn tó ni èdè bá fi oṣù mẹ́sàn-án lé e kiri, kí ni kí èmi àti ìwọ ti ṣe é?

Gbọ́ ti èmi náà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan níbí lóṣù tó kọjá. Ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé wá bá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wá nítorí ikọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ò gbọ́ Yorùbá, ni mo bá sọ ara mi di ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Is he running?” Èmi, akọ́mọlédè, mo yíjú sí ìyá ọmọ: “Wọ́n ní ṣé ó ń sáré?”

Ojú obìnrin náà tàn. “Ẹ̀ẹ́n, mà! Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Tó bá ti jí láàárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àfi tó bá sùn.”

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé bẹ́ẹ̀ ni, oṣù méjì, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí aṣọ ọmọ, ó fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀, ó jọ̀wọ́ ẹ̀, ó ń wò ó bóyá yóò tètè padà, nítorí pé tí omi bá ti tán lára ọmọ, awọ ẹ̀ kì í yára na. Ibi tó ti ń pariwo pé kí wọ́n bá òun wá omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni ọmọkùnrin náà ti yọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ki bíírò mọ́lẹ̀, ó sì fi eré sí i títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé bóyá ọmọ ń ṣu ìgbẹ́ olómi ni nọ́ọ̀sì ń béèrè.

Mo sọ fún ìyá Hausa tó ń ta kókó àti kósé ní ojúlé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Ó ní kí ló ń yà yín lẹ́nu, ṣebí èdè àwọn náà ń pe eré sísá ní “gudu”, wọ́n sì ń pe ìgbẹ́ yẹn ní “gudawa”. Àbẹ̀kẹ́, òyìnbó àti Hausa fojú rí eré nínú ikùn. Àwa ní ìgbẹ́ gbuuru. Etí la fi gbọ́ tiwa.

Ti òṣèlú tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń du ipò ní Britain, wọ́n ní ó dìde dúró, “stand”. Ní Amẹ́ríkà, ó ń sáré. Àwa tí a gba ìlànà Ààrẹ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 1979, eré náà là ń sá. Àbújá yìí sì tún ti fi “runs” tirẹ̀ kún un, ìyẹn tí ẹnì kan máa ń lọ ṣe ní ọ́fíìsì lẹ́yìn aago mẹ́rin tí kì í sọ ohun tó ń ṣe. Kò dá mi lójú pé Oxford mọ ìyẹn dáadáa.

Tí ẹnikẹ́ni bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, bi í pé kí ló dé tí a fi ń jẹ gbèsè, tí a ń jẹ oyè, tí a ń jẹ̀yà, tí a tún ń jayé, tí ẹnu kankan ò sì jẹ. Hausa náà ń ṣe é: “ci” ni wọ́n ń pe jíjẹ, ẹni tó jẹ gbèsè “ya ci bashi”, ọmọ tó yege ìdánwò náà “ya ci jarabawa”. Ìdánwò ni wọ́n jẹ o!

Mo tún fẹ́ sọ ti aṣọ àdìrẹ tí o fi ránṣẹ́, tí aró rẹ̀ yọ sára aṣọ funfun ọkọ mi (“run” náà ni wọ́n ń pe ìyẹn), ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń pòṣé ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí a ti ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa. Omi ti yọ, kò sì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹ̀. Mo ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́