Sí Àdùnní, tó ń tọ́jú ìwé ogun ní Warsaw, ní Poland

Àdùnní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Láti ìgbà tí oṣù yìí ti wọlé ni mi ò ti gbóhùn rẹ. Àbúrò rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé o kì í sùn mọ́, pé bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú òkùnkùn lo máa ń jókòó sí. Ṣé ìwé àwọn òkú yẹn náà ni?

A ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ìyá Ìbejì kí ọ.

Mo rántí Ringelblum àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí o sọ fún mi, àwọn Júù tí Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, há mọ́ àdúgbò kan tí wọ́n mọ ògiri yí ká ní Warsaw nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń kọ ohun tójú wọn ń rí, tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ nínú àpótí irin àti agolo wàrà ńlá. O ní wọ́n hú apá kan jáde ní 1946, omi ti wọ̀ ọ́. Wọ́n rí ìkejì ní 1950. Wọn ò tíì rí ìkẹta dòní. Kí ènìyàn máa ka irú èyí látàárọ̀ dalẹ́, kó má sùn! Ẹ̀rù ń bà mí. O ò sì gbọ́ràn. Mo ti ní kí iṣẹ́ máa dúró síbi iṣẹ́.

Mo fẹ́ ní kí o fi í sílẹ̀, kí o wáṣẹ́ sí báǹkì. Ẹnu mi ò gbà á. Bàbá mi tó lọ ogun Bọ́mà ní àpótí lẹ́tà kan lábẹ́ ibùsùn. Mi ò bi í léèrè rí. Ìgbà tó kú ni mo ṣí i, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kan tí wọ́n jọ jagun.

August Agboola Browne, onílù jazz tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun ni wọ́n fi mọ̀ pé ó bá wọn jà nígbà tí Warsaw dìde sí àwọn Jámánì ní 1944. Ọjọ́ tí o sọ ọ́ fún mi, mo sunkún. Ẹnì kan ló tọ́jú ìwé yẹn, Àdùnní.

Nítorí náà, máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n jẹun. Bó bá jẹ́ ìwé tí ọmọdé kọ ló kàn ọ́, má dá a kà. Pe ẹlòmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé o ń sùn? Ìyẹn ni kí o dá mi lóhùn. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ tó pẹ́, ó lè pẹ́ sí i.

Pè mí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp, ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.