Ẹ Gbé Epo Òyìnbó Kúrò Lára Ògiri Aláwòrán

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ báyìí, tí ọ̀nà ikán wá hàn gbangba lára ògiri, làwọn tó ń tọ́jú ùà (àgbàlá) ààfin, ojúbọ àti agbo ilé àtijọ́ níhìn-ín ní Àkúrẹ́, títí dé Oǹdó, máa ń gbé epo òyìnbó, tàbí ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀. Wọ́n á dà á sára ògiri tí àwọn ìyá wa fi ẹfun, osùn àti èédú kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Ikán kò bá ti ọ̀dà wá. Omi ló ń wá, pẹ̀lú koríko àti ẹlẹ́bọ́tọ tí wọ́n pò mọ́ amọ̀. Ibi tí omi òrùlé bá ti ń ta sí ìdí ògiri ló ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Ọ̀nà tó là sójú ògiri, tí kò fẹ̀ ju pẹ́ńsù lọ, kọ́ ni olórí ewu. Inú ni. Ó lè jẹ koríko inú amọ̀ tán kí ó ku ọ̀dà nìkan bí èèpo ẹyin. Ẹ fi èékánná kàn án díẹ̀: ibi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo, ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Epo òyìnbó kò ní dé ibi tí ìyá ikán wà. Amọ̀ á fà á mu, ẹfun á di àwọ̀ ilẹ̀, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ohun tí a fi lè fà á jáde mọ́. Símẹ́ǹtì tí àwọn mìíràn fi ń rẹ́ ìdí ògiri tún burú jù: omi á há sẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ikán á sì fi ṣe ilé.

Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ ná, kí ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà ikán náà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 péré, níbi tí kò ti sí ọ̀dà, kí ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kẹrin. Bí wọ́n bá ti mọ ọ́n dí, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá dí i, ẹ má tíì yọ̀. Wọ́n lè ti gba ibòmíràn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó: ẹ tún páànù tó ń jò ṣe, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lọ́dọ̀ ògiri, kí igi ìdáná àti pàǹtí jìnnà sí i ní mítà 1 ó kéré tán. Bí oògùn ikán bá di dandan, inú ilẹ̀ ìta ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi í sí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tó jìnnà sí kànga. Kò gbọdọ̀ kan ògiri.

Ti agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé yàtọ̀. Aláǹtakùn ló ń kó síbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò jẹ nǹkan kan lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa lẹ̀ típẹ́típẹ́. Tó bá já, á bọ́ tòun tọ̀dà. Àwọn èèyàn a sì máa fi aṣọ tútù nù ún! Ẹrẹ̀ á yọ́, ẹfun á bá a yọ́, àbàwọ́n á jókòó síbẹ̀. Ẹ dúró títí ihò yóò fi hàn lára gbogbo yàrá rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ti fò lọ. Ẹ wá fi oparun ha á ní gbígbẹ, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ fi bíi mìlímítà 1 tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún onímọ̀. Ẹ má da èyí tí ẹ ha nù. Ẹ dì í sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ní Kimberley ní Ọsirélíà, èédú inú ilé agbọ́n àtijọ́ tó wà lórí àti lábẹ́ àwòrán ni àwọn onímọ̀ lò lọ́dún 2020 láti fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwòrán Gwion ara àpáta ibẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún 12,000.

Ẹ má sì fi fánííṣì kun àwòrán ara ògiri. Nínú ihò àpáta Ajanta ní Íńdíà, níbi tí àwòrán wà lórí amọ̀ bíi tiwa, àwọn ará Ítálì méjì, Cecconi àti Orsini, fi ṣẹ́láàkì, irú fánííṣì kan, kùn ún láàárín 1920 sí 1922. (Lára kòkòrò ni ṣẹ́láàkì fúnra rẹ̀ ti ń jáde, ẹ wo ọ̀rọ̀!) Ó di àwọ̀ ìyeyè, ó bo àwòrán, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́ lẹ́yìn náà.

Ó ku ti iná. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní í ríbi wọ̀. Ọmọńlé ní tirẹ̀, gílóòbù ló ń pè é. Gílóòbù funfun tí wọ́n gbé kọ́ sókè àwòrán á pe kòkòrò, kòkòrò á pe ọmọńlé, ìgbẹ́ ọmọńlé á sì máa ṣàn wálẹ̀ lójú ẹfun. Ẹ gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ògiri àtijọ́,
Àkúrẹ́.