Onígbáméjì kì í jẹ ìfun

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn pé ẹ tún mú ọ̀rọ̀ àrùn onígbáméjì tó jà ní Èkó lọ́dún 2024 wá sí ìrántí, ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í "jẹ ìfun" bí ẹ ṣe kọ ọ́. Lọ́dún 1959 ni Sambhu Nath De, ní ìlú Calcutta ní Íńdíà, mú omi tí kòkòrò náà ti gbé inú rẹ̀, ó sẹ́ ẹ títí kò fi ku kòkòrò kan, ó dà á sínú ìfun ehoro tí ó dì ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ìfun náà sì kún fún omi bámúbámú.

Oró ni ó wà nínú omi náà. Okùn purotéènì lásán ni kí ó tó di oró, aṣọ tí a kò sì tíì wé kì í ṣe gèlè. Awọ méjì ni kòkòrò yìí ní, àlàfo àárín wọn ni ó ti ń wé e, níbi tí purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní DsbA ti ń fi imí ọjọ́ inú okùn náà há a, bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ há gèlè. Oríṣi okùn méjì ni oró náà ní, A àti B: okùn B márùn-ún á ṣe òrùka, okùn A kan á jókòó lé e, wọn á sì jáde ní wíwé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n tún máa ń tú u. Òrùka náà á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wé purotéènì tirẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ abẹ́rẹ́ náà, tí apá kan lára A sì ń tú. Sẹ́ẹ̀lì á rò pé purotéènì tó bàjẹ́ ni, á tì í síbi tí wọ́n ti ń run irú wọn. Àṣé olè ni ó ń tì wọ yàrá! Ibẹ̀ ni oró náà ti ń tún ara rẹ̀ wé, tí purotéènì onílé sì ń ràn án lọ́wọ́, títí ìlẹ̀kùn iyọ̀ yóò fi ṣí gbayawu, tí omi ara yóò sì tẹ̀lé iyọ̀ jáde.

Mo ti rí ìyá tó gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ tó ń yàgbẹ́, ó ní ìfun rẹ̀ ti bó. Kò bó rárá. Oró náà kì í fọwọ́ kan ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà fa iyọ̀ àti omi wọ ara, ìdí nìyẹn tí ṣíbí ìpo-tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí ìpo-tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ 1 fi ń ṣiṣẹ́ bí a ṣe ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn kọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.